Búrẹ́dì Ọ̀sán fún Ọmọge Káńtà

Mílíọ̀nù ní òun lè gé odindi búrẹ́dì kan sí irínwó pẹlẹbẹ kí ọwọ́ òun má gbọ̀n. Ó ní lọ́jọ́ kan tí òun ń gé e lọ́wọ́, atẹ́gùn jí ọ̀kan gbé gba ojú fèrèsé, ó gbé e gòkè títí ó fi lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú ọkọ̀ òfúrufú kan, awakọ̀ náà sì ń wo ọ̀nà láti inú búrẹ́dì ọ̀hún fún wákàtí méje gbáko, kò fura, àfi ìgbà tó balẹ̀ tí àwọn ẹyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá gíláàsì rẹ̀ jẹ.

Irú búrẹ́dì yẹn, ó ní, ni òun fi ń há ewé àti ẹyin bíbọ̀ mọ́ra, tí òun ń dì í lọ jẹ lọ́sàn-án láti ìgbà tí òun ti wà lọ́mọ ọdún méje. Kò sí òróró níbẹ̀, kò sí bọ́tà. Ó jẹ́ kí ara òun fúyẹ́ débi pé bí wọ́n bá fẹ́ tan fáànù nílé, wọ́n á kọ́kọ́ kígbe pe òun pé kí òun yáa di òpó mú.

Ọmọbìnrin tó ń sọ ọ́ fún rẹ́rìn-ín títí ó fi gbàgbé fóònù tó ń dún níwájú rẹ̀. Ìdí káńtà ló máa ń jókòó sí ní ìsàlẹ̀ ilé alájà mẹ́sàn-án kan. Òun ló ń kí àlejò, òun ló ń dáhùn fóònù, òun ló ń júwe ọ̀nà ọ́fíìsì fún ẹni tó ṣìnà. Ọmọge Káńtà ni gbogbo ilé ń pè é. Mílíọ̀nù ní tirẹ̀, iṣẹ́ lífítì ló ń ṣe níbẹ̀. Ẹ má rò pé ó ń tún lífítì ṣe o. Àpótí kékeré kan ló ń jókòó lé nínú lífítì, ó ń bi èrò pé àjà wo, ó sì ń bá wọn tẹ bọ́tìnnì. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ti kú tipẹ́. Wọ́n ń pè é ní Mílíọ̀nù nítorí kò sí ohun tó kà rí tó dín sí iye yẹn: ẹ̀fọn tó jẹ ẹ́ lóru, èrò tó gbé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, obìnrin tó ń fẹ́ràn rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni dókítà kìlọ̀ fún Ọmọge Káńtà. Ìjókòó rẹ̀ ti pọ̀ jù, ohun díndín tó ń rà jẹ lọ́sàn-án ti pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru, orúnkún rẹ̀ sì ti ń sunkún lábẹ́ rẹ̀. Ó nu omijé ẹ̀rín ojú rẹ̀ kúrò, ó ní, "Ó dáa, Bùọ̀dá Lífítì. Mú tèmi wá lọ́la."

Bí wàhálà ṣe wọ ilé ẹ̀gbọ́n Mílíọ̀nù nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ilé ìfọṣọ ọsibítù ló ń bá ṣiṣẹ́. Òun ló ń lọ bẹ́díṣíìtì àwọn aláìsàn, wọ́n sì ń pè é ní Àǹtí Áyọ́ọ̀nù. Bí wọ́n bá so gbogbo bẹ́díṣíìtì tó ti lọ mọ́ ara wọn, yóò yí ayé ká lẹ́ẹ̀mejì, yóò tún ṣẹ́kù èyí tí wọ́n á fi ta kókó. Òòró ló ń dúró láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Àárẹ̀ tó wà lára obìnrin yìí, bí wọ́n bá pín in fún abúlé méje, gbogbo wọn pátá ni yóò sùn wọ ọ̀sẹ̀ kejì, ajá wọn náà á sùn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ti ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú bàsíà omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó ń gbìyànjú láti rántí bóyá òun ti jẹun àbí òun kò tíì jẹ, nígbà tí Mílíọ̀nù wọlé tó wá lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàsíà bí ọmọ tó fọ́ àwo.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Búrẹ́dì yín yẹn, èyí tẹ́ ẹ máa ń dì lọ síbi iṣẹ́. Ẹ bá mi di ẹyọ kan kún un lọ́la."

"Ta ló fẹ́ jẹ ẹ́?"

"Ẹnì kan ni."

"Ta ni ẹnì kan yẹn gbà pé ó gé e?"

Mílíọ̀nù wo àjà ilé bíi pé wọ́n kọ ìdáhùn síbẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Èmi."

Búrẹ́dì náà, àṣẹ nọ́ọ̀sì ló sọ ọ́ di ti Àǹtí Áyọ́ọ̀nù. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ gbogbo òṣìṣẹ́ ilé ìfọṣọ, tirẹ̀ ló ga jù, nọ́ọ̀sì kan sì kọ́ ọ bí èèyàn ṣe lè jẹun ọ̀sán tí kò ní wúwo nínú tí kò sì ní í jẹ́ kí ebi pani kó tó dìrọ̀lẹ́. Láti ìgbà náà ló ti ń di tirẹ̀ láràárọ̀. Ti Mílíọ̀nù náà ló máa ń dì, ṣùgbọ́n Mílíọ̀nù kì í jẹ ẹ́, ó ní oúnjẹ ehoro ni.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ì bá ti lé e kúrò nídìí bàsíà. Ohun tí kò jẹ́ kó lé e ni Dẹ́rẹ́bà.

Dẹ́rẹ́bà ni ọkùnrin tó ń fi ọkọ̀ kó bẹ́díṣíìtì ìdọ̀tí wá sí ilé ìfọṣọ, tó sì ń kó èyí tó mọ́ padà. Jẹ́jẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń wakọ̀ nínú òjò. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti ń fẹ́ra wọn lẹ́nu ọ̀nà ilé ìfọṣọ, láàárín ẹrù méjì, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lónìí, ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́la. Ìgbà kẹta ti kọjá tó ti ní kí àwọn ṣègbéyàwó, èsì kan náà ló sì ń gbà: jẹ́ kí àbúrò mi gbéyàwó ná. Orí bẹ́ẹ̀dì ikú ni ìyá wọn ti di ọwọ́ Àǹtí Áyọ́ọ̀nù mú, tó ní kò gbọ́dọ̀ fi ọmọkùnrin yìí sílẹ̀ títí ẹlòmíì yóò fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Mílíọ̀nù nígbà yẹn. Ó ti di ọgbọ̀n ọdún báyìí, kò sì sẹ́ni tó tíì gbà á. Obìnrin kìíní sá nígbà tó gbọ́ pé Mílíọ̀nù kọ́ ló ni ilé alájà mẹ́sàn-án. Ní ti èkejì, Mílíọ̀nù ní ìka ẹsẹ̀ òun pé mẹ́rìnlá, obìnrin náà ní kó bọ́ bàtà kí òun kà á, Mílíọ̀nù ló sì sá.

Nítorí náà, bó bá ṣe pé búrẹ́dì ni yóò mú ìyàwó dúró, Àǹtí Áyọ́ọ̀nù yóò gé búrẹ́dì.

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ló ń dìde. Búrẹ́dì àlìkámà oníhóró ló ń rà, kì í ṣe funfun, á sì gé e tínrín, pẹlẹbẹ méjì péré. Ó ń bọ ẹyin, á fi fọ́ọ̀kì tẹ̀ ẹ́, á fi wàrà kíkan ṣíbí kan pò ó dípò ọ̀rá, á wọ́n ata gúngún díẹ̀ sí i. Lọ́jọ́ mìíràn, àyà adìẹ bíbọ̀ ni, tó bọ́ awọ rẹ̀ dànù, tó fi kárọ́ọ̀tì rínrin bò. Tòmátì ni í máa ń fìyà jẹ ẹni. Omi inú rẹ̀ lè sọ búrẹ́dì di kànìnkànìn kó tó dọ̀sán, nítorí náà ó ń fi aṣọ mímọ́ nu tòmátì bí ìgbà tó ń nu ojú ọmọ, ó sì ń tẹ́ ewé lẹ́túùsì sáàárín rẹ̀ àti búrẹ́dì. Lẹ́yìn náà ni yóò ká ìwé funfun lé e, igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á mú ṣánṣán, nítorí ọwọ́ tó ti ń ká bẹ́díṣíìtì ọsibítù fún ogún ọdún kò mọ bí wọ́n ṣe ń ká nǹkan wúruwùru. Bó bá parí, ojú á ti mọ́, Mílíọ̀nù á ṣì máa hanrun lẹ́yìn kọ́tìnnì.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìwé tí wọ́n fi di búrẹ́dì bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé pẹ̀lú ike oúnjẹ, Ọmọge Káńtà sì ti fi pẹ́ńsùlù kọ nǹkan sí i. Mílíọ̀nù kì í kà á. Ó ní òun ti mọ ohun tó wà níbẹ̀, ìyìn ni, ìyìn ti sú òun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń kà á níbi tó ti ń fọ ike.

*Mo gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹta lónìí, mi ò dúró mí.*

*Ta ló sọ fún ọ pé mo fẹ́ràn ọsàn tó o fi sí i yìí? Ó dùn mọ́ mi.*

*Ọ̀gá kan jágbe mọ́ mi níwájú àlejò. Mo lọ sunkún díẹ̀. Nígbà tí mo tú búrẹ́dì rẹ, tí mo rí bó o ṣe ká ìwé rẹ̀, mo ní ó kéré tán ẹnì kan wà tó fara balẹ̀ nítorí mi.*

Èyí tó kẹ́yìn yìí, Àǹtí Áyọ́ọ̀nù kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Omi tó fi ń fọ ike tutù nínú bàsíà. Ó mọ̀ pé òun ń fi ẹ̀tàn jí ọkàn ọmọbìnrin náà. Kò mọ ẹni tí òun ń jí i fún gan-an. Lọ́jọ́ kejì ó fi ẹ̀pà sísun díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ búrẹ́dì náà, ó dì í sínú ìwé kékeré kan, ó sì ká igun rẹ̀ ṣánṣán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ní ilé ìfọṣọ, Dẹ́rẹ́bà ń já ẹrù sílẹ̀. Ó ní òun gbọ́ pé Mílíọ̀nù ti rí ẹni tó ń gbọ́ tirẹ̀. Àǹtí Áyọ́ọ̀nù ro gbogbo rẹ̀ fún un láìyọ ẹyọ kan kúrò, ó sì fara ti ògiri bó ti ń rò ó, torí pé ọ̀rọ̀ sísọ gan-an ti ń rẹ̀ ẹ́. Dẹ́rẹ́bà gbọ́ ọ tán, ó tún ìdí ẹrù kan ṣe.

"Ọdún mẹ́fà," ó ní. "Bísíkíìtì gbígbẹ ni mò ń jẹ nínú ọkọ̀. Mi ò bínú o. Mo kàn ń sọ ọ́ ni."

Àǹtí Áyọ́ọ̀nù fẹ́ sọ pé ọwọ́ òun kò lè gé òmíràn kún un láràárọ̀, pé bí òun bá jí ṣáájú aago mẹ́rin ààbọ̀, òun àti òkú kò yàtọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bó ti ń sún mọ́ ẹnu rẹ̀ ló ń dà bí irú ọ̀rọ̀ tí Mílíọ̀nù máa ń sọ, ó bá gbé e mì. Dẹ́rẹ́bà tilẹ̀kùn ọkọ̀. Ó ní bí wọ́n bá ń wá alárinà, níwọ̀n ìgbà tí Mílíọ̀nù kò ti ní òbí mọ́, òun yóò lọ. Ó ní òun náà ní ohun tí òun ń wá nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ó sì lọ lóòótọ́, nígbà tí oṣù kẹta pé. Ìyá Ọmọge Káńtà ló bá sọ̀rọ̀. Obìnrin yìí ti ṣe olórí alásè ní ilé-ìwé àwọn ọmọ fún ọgbọ̀n ọdún kó tó fẹ̀yìn tì. Láti ẹnu géètì ni yóò ti mọ̀ bí iyọ̀ bá pọ̀ nínú ìkòkò tí wọ́n dé lórí. Ìròyìn tí Dẹ́rẹ́bà mú bọ̀ ni pé ìyá náà ò fẹ́ rárá. Mílíọ̀nù ti kọ́kọ́ wá kí i lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sì ní lífítì òun yára débi pé èrò kan wọ̀ ọ́ pẹ̀lú irun dúdú, ó bọ́ sílẹ̀ lókè pẹ̀lú ewú. Ìyá ní òun kò bí ọmọ fún ẹni tó ń fi irọ́ kíni.

Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ti fọn. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti wálẹ̀, kò di ògiri mú mọ́ kó tó dìde. Ìyá ti wo búrẹ́dì náà lọ́jọ́ ìsinmi kan tí ọmọ mú un wálé, ó tú u palẹ̀, ó sì wo bí wọ́n ṣe tẹ́ ewé sí i.

"Ohun tó sọ nìyí," Dẹ́rẹ́bà ní. "Ó ní, 'Ẹnu rẹ̀ ni mi ò fẹ́. Ẹni tó bá ń fi irú ọwọ́ yìí jí nídàájí fún ọmọ mi fún oṣù mẹ́ta, mo lè di etí mi sí ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n màá fi ojú ara mi rí ọwọ́ náà.' Ọjọ́ Sọ́ńdè, aago mẹ́rin, wọ́n ń bọ̀ nílé yín. Ó fẹ́ kí Mílíọ̀nù ṣe é níṣojú òun."

Ní ọjọ́ Sátidé, ẹ̀gbọ́n tẹ́ búrẹ́dì sílẹ̀, ó pe àbúrò kó wá kọ́ ọ. Mílíọ̀nù ní kí ni wọ́n fẹ́ kọ́ òun, ṣé òun kì í rí wọn láti àárín kọ́tìnnì láràárọ̀ ni, òun ti mọ̀ ọ́n ju òyìnbó tó dá a sílẹ̀ lọ. Ó gbé fìlà, ó ní òun ń lọ gẹrun.

Àǹtí Áyọ́ọ̀nù jókòó ti búrẹ́dì náà. Ó rò pé kí òun yáa lọ bá ọmọbìnrin náà, kí òun sọ ọ́. Bí òun bá sọ ọ́, ó di ọdún mélòó mìíràn lẹ́nu ọ̀nà ilé ìfọṣọ. Bí òun kò bá sọ ọ́, ọmọbìnrin yìí yóò fẹ́ ọwọ́ òun, ẹnu Mílíọ̀nù ni yóò sì máa bá gbé. Ó rò ó títí oorun fi gbé e lọ lórí àga, tòmátì lọ́wọ́.

Aago mẹ́rin ọjọ́ Sọ́ńdè, wọ́n dé. Ìyá jókòó sórí àga tó dára jù, ọmọ rẹ̀ jókòó tì í nínú aṣọ tó ti tóbi jù ú lọ níbàdí. Dẹ́rẹ́bà mú àpótí kan sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Àǹtí Áyọ́ọ̀nù ti ṣe gbogbo ohun tó lè ṣe: ẹyin ti jinná, ó ti pò ó, búrẹ́dì ti wà ní gígé, tòmátì ti gbẹ. Ohun tó kù kò ju kí èèyàn tò ó léra wọn, kó sì ká ìwé.

Mílíọ̀nù sì tò ó. Ó fi ewé sí ibi tí ewé ń gbé. Ó ń sọ̀rọ̀ bó ti ń ṣe é, ó ní àwọn oníṣòwò ilẹ̀ mẹ́rìnlá ti wá bẹ òun kí òun wá kọ́ wọn, òun ní kí wọ́n lọ tò sórí ìlà. Ìyá kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀ burúkú. Mílíọ̀nù ká ìwé náà, ó rí wúruwùru díẹ̀, ó ní ìbẹ̀rù àlejò ni. Àǹtí Áyọ́ọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í mí.

Ìgbà yẹn ni Mílíọ̀nù nawọ́ sókè pẹpẹ, ó gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, ó sì ki wáyà rẹ̀ bọ ojú iná.

Kí ẹ lè mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀: láràárọ̀, bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ti di búrẹ́dì tán, ó máa ń gbé áyọ́ọ̀nù lé e bí òkúta, kó lè tẹ́ pẹrẹsẹ, kí inú rẹ̀ má tú nínú àpò. Tútù ni áyọ́ọ̀nù náà. Kò fi iná sí i rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ojú oorun kan wo nǹkan láti àárín kọ́tìnnì, áyọ́ọ̀nù lórí búrẹ́dì ló rí, kò rí wáyà.

Áyọ́ọ̀nù gbóná. Mílíọ̀nù tutọ́ sí ìka, ó fọwọ́ kan ìdí rẹ̀ bí ọ̀gá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ búrẹ́dì, síwá, sẹ́yìn, ó ń fi ọwọ́ kejì na etí rẹ̀ kó má bàa ká kò. Ìwé pọ́n. Èéfín yọ. Òórùn ẹyin àti ewé tó ń jó gba gbogbo yàrá.

"Kí ni ìyẹn?" Ìyá bèèrè.

"Ìparí rẹ̀ nìyẹn, Mà. Ibí yìí ni adùn rẹ̀ wà."

Ìyá dìde, ó yọ wáyà kúrò lójú iná, ó padà jókòó. Ó ní, "Ìṣẹ́jú mélòó lo fi ń bọ ẹyin, ọmọ mi?"

Mílíọ̀nù wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo ilẹ̀. "Wákàtí mẹ́rin, Mà," Mílíọ̀nù ní. "Ẹyin tèmi máa ń le díẹ̀."

Ọmọge Káńtà kò wò ó rárá. Ọwọ́ Àǹtí Áyọ́ọ̀nù ló ń wò, níbi tó ti gbé méjèèjì lé itan: àpá iná wẹ́wẹ́, ìka tó ti wú. Láìmọ̀, ọwọ́ náà ti mú aṣọ ìnuwọ́ kan, ó sì ti ká igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣánṣán.

"Ẹ̀yin ni, Àǹtí?"

Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu Àǹtí Áyọ́ọ̀nù pọ̀. Ó lè ní àwọn méjèèjì ni. Ó lè ní òun ló kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n èéfín wà lójú rẹ̀, ẹsẹ̀ ń dùn ún, kò sì sí agbára láti gbé irọ́ kankan dìde mọ́.

"Èmi ni," ó ní. "Láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ má bínú."

Ojú gbogbo wọn bọ́ sára Mílíọ̀nù. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Ó gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ní èéfín yìí kò dára, ó lè fẹjú, ó yẹ kí òun sáré lọ pe àwọn panápaná, ọ̀gá wọn pátápátá jẹ́ ọ̀rẹ́ òun, ọkọ̀ mẹ́rìndínlógún ni wọn yóò kó wá. Kò tíì sọ ọ́ tán tó fi fò kọjá lórí àpótí Dẹ́rẹ́bà, tó já ilẹ̀kùn. Àtẹ̀gùn gbọ̀n bíi pé màlúù ogún ń sọ̀ kalẹ̀.

Dẹ́rẹ́bà ti dìde láti lé e, bó ṣe ti lé e dé ibùdókọ̀ nígbà tí obìnrin kejì fẹ́ ka ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Òun àti Àǹtí Áyọ́ọ̀nù ni wọ́n jọ máa ń lọ, wọ́n á bẹ̀ ẹ́, wọ́n á mú un wálé. Lọ́tẹ̀ yìí, Àǹtí Áyọ́ọ̀nù di apá aṣọ rẹ̀ mú.

"Jókòó."

"Ta ló máa wá mú un padà?"

"Ìyá wa ní kí n má fi í sílẹ̀," ó ní. "Kò ní kí n máa sá tẹ̀ lé e. Jókòó, Dẹ́rẹ́bà. Ọjọ́ wo lo fẹ́ kí á ṣègbéyàwó?"

Dẹ́rẹ́bà jókòó, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ tàsé àpótí, ilẹ̀ ló bá. Kò dìde níbẹ̀. Ìyá Alásè ń wo Àǹtí Áyọ́ọ̀nù bí ẹni tó ń wo ìkòkò tó ti wà lórí iná fún ọdún púpọ̀ láìsí ẹni tó rántí sọ̀ ọ́. "Ó rẹ̀ ọ́, àbí?" ó ní.

"Ó rẹ̀ mí, Mà."

Ọmọge Káńtà dìde lọ ṣí fèrèsé kí èéfín lè jáde. Láti ìsàlẹ̀, wọ́n gbọ́ ohùn Mílíọ̀nù, ó ti ń sọ fún ẹnì kan lẹ́nu géètì pé òun nìkan ló yọ nínú iná ńlá, pé èjìká òun ni òun fi gbé ìyá arúgbó mẹ́rin jáde. Ẹni náà bèèrè ibi tí iná náà wà. Mílíọ̀nù gbé ojú sókè, ó rí ọmọbìnrin náà lójú fèrèsé tó ń wò ó, ó sì tún fẹsẹ̀ fẹ, ó kọ orí sí òpópónà, bàtà ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́.